Àwòrán Àtìmọ́lé àti Àkọsílẹ̀ Ìfàṣẹmúni ní Ìgbèríko Amẹ́ríkà: Bí A Ṣe Ń Wá Wọn àti Ibi tí Ẹ̀rí Wọn Mọ

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí kò ju méjì lọ. Èkíní ni láti ṣe àlàyé ibi tí àkọsílẹ̀ ẹni tí ọlọ́pàá fàṣẹ mú máa ń wà ní ìgbèríko orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àti ọ̀nà tí olùwádìí lè gbà rí i. Èkejì ni láti fi hàn pé àkọsílẹ̀ náà, pàápàá àwòrán ojú tí wọ́n ń yà ní ẹnu ọ̀nà àtìmọ́lé, kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni náà jẹ̀bi ohunkóhun. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kejì yìí hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi nílò àlàyé. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà lo irú àwòrán bẹ́ẹ̀, yálà agbanisíṣẹ́ ni o, tàbí onílé tí ó fẹ́ gba ayálégbé, tàbí alárinà tí ń ṣe ìwádìí kí ìdílé tó fa ọmọ fún ọkọ, a óò rí i pé òun gan-an ni ó yẹ kí a tẹnu mọ́ jù.

Ìdí méjì ni ọ̀rọ̀ náà fi kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn Yorùbá tí ń gbé Amẹ́ríkà ti pọ̀, pàápàá ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ọ̀nà tí ó sì ti ìlú ńlá kan dé èkejì ń gba inú ìgbèríko kọjá. Bí ọlọ́pàá bá dá wọn dúró lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, orúkọ wọn lè bọ́ sínú ìwé ẹni tí kò mọ àmì ohùn, tí kò sì mọ èwo ni orúkọ ìdílé nínú orúkọ Yorùbá mẹ́ta. Ìdí kejì ni pé bí a bá fẹ́ túmọ̀ àwọn ìwé wọ̀nyí sí èdè wa, a nílò ọ̀rọ̀ tí yóò ya ìpele kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí a kò bá ṣọ́ra, ìtumọ̀ wa yóò dá ènìyàn lẹ́bi níbi tí kóòtù kò tíì dá a lẹ́bi.

2. Àtìmọ́lé kì í ṣe ẹ̀wọ̀n

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní orúkọ kan fún ilé tí káúńtì ń ti àfurasí mọ́, wọ́n sì ní òmíràn fún ọgbà tí ìpínlẹ̀ ń rán ẹni tí a ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá lọ. Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ìyàtọ̀ yìí: àtìmọ́lé ni ti àkọ́kọ́, ẹ̀wọ̀n ni ti èkejì. Síbẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ẹni tí ó sun oorun ọjọ́ kan péré ní àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn aládùúgbò lè sọ pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tí ó bá a mu, ahọ́n ni ó ń fò ó.

Bí a bá to àwọn ìpele náà ní ẹsẹẹsẹ, a fura sí ẹni kan. A fàṣẹ mú un. A forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní àtìmọ́lé. Agbèfọ́ba fi ẹ̀sùn kàn án ní kóòtù. Kóòtù dá a lẹ́bi, tàbí ó dá a sílẹ̀, tàbí a fagi lé ẹ̀sùn náà láìgbọ́ ọ. Ìpele kẹta ni àwòrán ti wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, agbèfọ́ba kò tíì ka ìwé kankan lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí wọ́n ya àwòrán yìí, ohun tí wọ́n sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn, èrò ọlọ́pàá tí ó mú un ni. Agbèfọ́ba lè yí i padà sí èyí tí ó kéré, ó sì lè kọ̀ láti fi ẹ̀sùn kankan kan ẹni náà. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé àtìmọ́lé káúńtì kì í ṣe ti àfurasí nìkan. Àwọn tí kóòtù ti fi ìyà oṣù díẹ̀ jẹ fún ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ń ṣe é níbẹ̀. Nítorí náà, wíwà níbẹ̀ nìkan kò sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́.

3. Ọwọ́ ta ni ìwé náà wà?

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà pín sí káúńtì, èyí tí a lè fi wé ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára káúńtì lórí ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ju ti ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Wọ́n lé ní 3,000 káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Texas nìkan ní 254. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ṣẹ́rífù tí àwọn ará káúńtì fi ìbò yàn ni olórí àwọn agbófinró ibẹ̀, òun náà ni ó sì ń tọ́jú àtìmọ́lé. Àwọn káúńtì kan tóbi ju orílẹ̀-èdè kékeré lọ. Àwọn mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ènìyàn. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, ènìyàn 64 péré ni wọ́n kà ní káúńtì Loving ní Texas.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún olùwádìí. Káúńtì tí kò lówó láti kọ́ àtìmọ́lé tirẹ̀ a máa sanwó fún aládùúgbò rẹ̀ kí ó bá a tọ́jú àwọn tí ó mú. Ẹni tí a mú ní káúńtì kan lè sùn sí èkejì, kí kóòtù tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ti àkọ́kọ́. Ní West Virginia, àtìmọ́lé ẹkùn ni ó ti rọ́pò ti káúńtì. Ní Alaska, Connecticut, Delaware, Hawaii, Rhode Island àti Vermont, ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣe àkóso àtìmọ́lé àti ẹ̀wọ̀n pa pọ̀, kò sì sí ìwúlò kí ènìyàn máa wá ṣẹ́rífù tí yóò fún un ní ìwé.

Texas ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ láti ibí lọ, nítorí pé bí ìwé ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn hàn kedere níbẹ̀. Ṣẹ́rífù ni ó ní ìwé ìforúkọsílẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú ẹni náà wọlé, ẹ̀sùn tí ọlọ́pàá kọ, iye owó béèlì, ìtẹ̀ka àti àwòrán. Àwòrán iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ yìí ti pẹ́. Alphonse Bertillon, òṣìṣẹ́ ọlọ́pàá ní Paris, ni ó sọ ọ́ di ètò ní àwọn ọdún 1880. Láàárín wákàtí 48, ẹni tí a mú gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ tí yóò sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un tí yóò sì dá iye béèlì. Ní ìgbèríko, adájọ́ kékeré àdúgbò, tí òfin Texas kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́yà, ni ó sábà máa ń ṣe é. Bí ọ̀ràn bá kéré, akọ̀wé káúńtì ni ó ń tọ́jú ìwé ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn ńlá, akọ̀wé kóòtù ẹkùn ni. Ní káúńtì tí ènìyàn ibẹ̀ kò tó 8,000, òfin gbà kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ akọ̀wé méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ àti ìtẹ̀ka ń lọ sí iléeṣẹ́ ààbò ìpínlẹ̀ ní Austin, láti ibẹ̀ sì ni ó ti ń lọ sí ọ̀dọ̀ FBI.

Bí a ṣe kọ́kọ́ mú ènìyàn ni ó ń yára dé orí kọ̀ǹpútà wọn. Bí ẹjọ́ náà ṣe parí ni ó ń pẹ́, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ dé. Ẹni tí ń fi orúkọ sílẹ̀ ní àtìmọ́lé ń ṣe é lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ ni ó sì ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n àbájáde ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ agbèfọ́ba àti akọ̀wé kóòtù wá, ní oṣù púpọ̀ lẹ́yìn náà, láti ọ́fíìsì tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ń ṣe iṣẹ́ gbogbo. Nínú èrò tiwa, ibi tí ìgbèríko ti yàtọ̀ sí ìlú ńlá jù nìyí. Kì í ṣe pé ìgbèríko ń fi nǹkan pamọ́ jù, bí kò ṣe pé ìdajì kejì ìtàn náà kò ní ẹni tí yóò gbé e.

4. Wíwá àkọsílẹ̀ náà

Ibi tí ó rọrùn jù lọ ni ojú òpó ṣẹ́rífù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọ̀pọ̀ káúńtì ń to orúkọ àwọn tí ó wà ní àtìmọ́lé sí. Àbùkù rẹ̀ ni pé àwọn tí ó wà níbẹ̀ lónìí ni ó sábà máa ń fi hàn. Ẹni tí ó gba béèlì ní àná lè ti kúrò lórí rẹ̀. Níbi tí kò bá sí irú ojú òpó bẹ́ẹ̀, tẹlifóònù ni ó kù, tàbí kí ènìyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀. Ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ó wà ní ọ̀pọ̀ ìlú kékeré náà kò ṣeé fojú di, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ń tẹ orúkọ àwọn tí ṣẹ́rífù mú ní ọ̀sẹ̀ náà jáde. Yàrá ìkàwé ìlú sì lè ní èyí tí ó ti pẹ́.

Bí a bá fẹ́ àkọsílẹ̀ ìgbà tí ó ti kọjá, ìwé ni a óò kọ. Lábẹ́ òfin Texas lórí ìwé ìjọba, ẹnikẹ́ni ni ó lè béèrè, ìbáà má jẹ́ ará ìpínlẹ̀ náà, òṣìṣẹ́ tí ó sì gba ìwé náà kò ní ẹ̀tọ́ láti bi í ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe. Bí ṣẹ́rífù bá fẹ́ fi í pamọ́, ó ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti kọ̀wé sí agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ kí ó gba àṣẹ. Ó lè fi àwọn ìwé ìwádìí pamọ́ bí ẹjọ́ kò bá tíì parí, ṣùgbọ́n àlàyé ìpìlẹ̀ nípa ẹni tí a mú, ẹ̀sùn rẹ̀ àti ibi tí a ti mú un, ti gbogbo ènìyàn ni. Òfin yìí kò kan kóòtù. Ìlànà tiwọn ni àwọn akọ̀wé kóòtù ń tẹ̀lé, owó kékeré fún ẹ̀dà ni wọ́n sì sábà máa ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ retí àkọsílẹ̀ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 17, nítorí òfin fi bò ó. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn kò lawọ́ tó báyìí. Virginia fi ẹ̀tọ́ ìbéèrè mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará ìpínlẹ̀ rẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà sì sọ ní ọdún 2013 pé kò lòdì sí òfin.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá kù. Òṣìṣẹ́ àtìmọ́lé yóò kọ ohun tí ó rí lórí ìwé ìwakọ̀ tàbí tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹni tí a mú. Adébáyọ̀ lè jẹ́ orúkọ ìdílé, ó sì lè jẹ́ orúkọ àbísọ. Nítorí náà, ẹni tí ń wá ADEBAYO OLUSEGUN gbọ́dọ̀ wá OLUSEGUN ADEBAYO pẹ̀lú. Ṣ lè di S, ó sì lè di SH. Orúkọ gígùn bí Olúwáfúnmiláyọ̀ lè gé sí méjì nítorí pé àyè tí kọ̀ǹpútà fún un kò tó. Ọjọ́ ìbí náà ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ni àwa ń kọ ṣáájú oṣù, oṣù ni àwọn ń kọ ṣáájú ọjọ́: 4/7 tiwa jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, tiwọn jẹ́ ọjọ́ keje oṣù Kẹrin. Ẹni méjì tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Bí orúkọ bá dọ́gba tí ọjọ́ ìbí kò dọ́gba, kí olùwádìí dúró ná.

5. Ẹjọ́ kan láti káúńtì Gillespie

Ní oṣù Keje ọdún 2002, àwọn ọlọ́pàá Fredericksburg, olú-ìlú káúńtì Gillespie ní Texas, mú ọkùnrin kan. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò sọ pé a ti dá a lẹ́bi ọ̀ràn ńlá rí ní California, òfin sì ka ìbọn léèwọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ náà kò tọ̀nà. Lóòótọ́ ni a fi ẹ̀sùn kan ọkùnrin yìí ní California, ṣùgbọ́n ó ti parí ètò tí wọ́n là sílẹ̀ fún un dípò ìjìyà, wọ́n sì ti fagi lé ẹ̀sùn náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà dé Texas, ìparí rẹ̀ kò dé.

Wọ́n mú un dé iwájú adájọ́ kékeré, wọ́n dá béèlì rẹ̀ sí dọ́là 5,000, ó sì jáde. Kò lówó tí yóò fi gba lọ́yà. Ó béèrè fún èyí tí ìjọba ń fún aláìní, ó tún béèrè, wọn kò fún un. Ní oṣù Kìíní ọdún 2003, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí ń yẹ ẹ̀sùn wò fọwọ́ sí i pé kí ó jẹ́jọ́. Wọ́n tún mú un, wọ́n gbé béèlì sókè sí dọ́là 15,000, apá rẹ̀ kò ká a, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àtìmọ́lé. Ìgbà náà ni wọ́n tó yan lọ́yà fún un. Lọ́yà yìí kó àwọn ìwé tí ó fi hàn pé a kò dá a lẹ́bi ọ̀ràn ńlá rí jọ, ó kó wọn fún agbèfọ́ba, wọ́n sì fagi lé ẹjọ́ náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2003. Nígbà tí ọkùnrin náà pe káúńtì Gillespie lẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án sọ pé láti ọjọ́ tí ènìyàn bá ti kọ́kọ́ dúró níwájú adájọ́ tí a sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí lọ́yà ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí ẹ̀tọ́ sí lọ́yà ni àwọn onímọ̀ òfin fi ń dárúkọ ẹjọ́ yìí. Ohun tí ó fà wá sí i yàtọ̀. Lọ́yà kò pe ẹlẹ́rìí, kò sì ṣe àròyé ní kóòtù kí ó tó bọ́. Ìwé ni ó wá rí. Ẹni tí ó bá yẹ àkọsílẹ̀ ìfàṣẹmúni káúńtì náà wò, ìgbà méjì ni yóò bá ọkùnrin yìí pàdé, ní ọdún 2002 àti ní ọdún 2003. Bí ó bá dúró níbẹ̀, yóò rò pé ẹni tí ó ń ṣẹ̀ lásẹ̀túnṣẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àkọsílẹ̀ ìfàṣẹmúni sì jẹ́ ẹjọ́ ẹnìkan, nítorí pé ẹni tí ó múni nìkan ni ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

6. Nígbà tí àwòrán di ọjà

Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, ènìyàn ní láti wá sí ọ́fíìsì ṣẹ́rífù kí ó tó rí àwòrán yìí. Nígbà tí àwọn káúńtì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn oníṣòwò rí ọ̀nà: wọ́n ń fi ẹ̀rọ kó àwòrán náà lọ sí ojú òpó tiwọn, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n yọ tirẹ̀ kúrò. Nínú èrò tiwa, kò sí ọ̀nà ìjẹun tí ó burú tó bẹ́ẹ̀. Òfin Georgia àti ti Texas gbógun tì í ní ọdún 2013. Ní ọdún 2018, agbèfọ́ba California fi ẹ̀sùn ìlọ́nilọ́wọ́gbà kan àwọn tí wọ́n ní wọ́n ni ojú òpó Mugshots.com. Láti ìgbà náà ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń dí ojú ìṣàn náà láti òkè. Òfin tí Utah ṣe ní ọdún 2021 kò jẹ́ kí ṣẹ́rífù fi àwòrán léde kí kóòtù tó dá ẹni náà lẹ́bi, àyàfi nínú ohun díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀. California sọ ní ọdún kan náà pé kí àwọn agbófinró má fi àwòrán ẹni tí a fura sí pé ó ṣẹ̀ láìlo ipá sí ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ wọn. Ní ti ìjọba àpapọ̀, kóòtù kọ̀tẹ́milọ́rùn kan tí ó ti ṣí irú àwòrán yìí sílẹ̀ fún àwọn oníròyìn ní ọdún 1996 yí ìdájọ́ ara rẹ̀ padà ní ọdún 2016.

Ìyẹn ni pé àìrí àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò túmọ̀ sí pé a kò mú ẹni náà, rírí rẹ̀ lórí ojú òpó oníṣòwò kò sì túmọ̀ sí pé ẹjọ́ kankan ṣì wà nílẹ̀. Níbi tí a ti ta àwòrán náà káàkiri ṣáájú òfin, aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rin ìhòòhò wọjà. Àwa náà kò gbọdọ̀ rò pé ti òkèèrè nìkan nìyí: títí di ọdún 2021 tí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ka á léèwọ̀, kò sí ohun tí ó sọ ní pàtó fún ọlọ́pàá ní Èkó pé kí ó má to àfurasí síwájú àwọn oníròyìn kí wọ́n ya àwòrán wọn.

7. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà ní ọ̀rọ̀ mìíràn lórí èyí. Ìtẹ̀ka tí wọ́n gbà ní àtìmọ́lé kò dúró lọ́dọ̀ FBI. Láti ọdún 2008 ni ètò kan tí wọ́n fi Harris County, níbi tí Houston wà, bẹ̀rẹ̀ ti ń gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ ìwọlé àlejò, nígbà tí ó sì fi di ọdún 2013 ó ti kárí gbogbo káúńtì. Nítorí náà, bí orúkọ bá pòórá lórí ojú òpó ṣẹ́rífù, kí àwọn ẹbí má yára sọ pé a ti dá a sílẹ̀. Ó lè ti bọ́ sọ́wọ́ àjọ ICE. Àjọ náà ní ojú òpó tirẹ̀ tí a fi ń wá ẹni, ṣùgbọ́n orúkọ gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n kọ mu pátápátá, pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí a ti bí i. Ohun tí a sọ nípa S àti SH tún wúlò níbí.

Àdéhùn Vienna ti ọdún 1963 ní kí a sọ fún àlejò tí a mú pé ó lè ránṣẹ́ sí aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní ti Nàìjíríà, ìjọba Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ fi tó aṣojú wọn létí, ẹni tí a mú fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ní ìgbèríko, ó lè jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹbí lè pe ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà ní Atlanta, New York tàbí Washington fúnra wọn.

Fún ẹni tí àkọsílẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀, ọ̀nà wà láti mọ ohun tí a kọ. Dọ́là 18 àti ìtẹ̀ka ni FBI ń béèrè láti fi gbogbo ohun tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ han ẹni náà. Níbẹ̀ ni yóò ti rí i bóyá ìparí ẹjọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀ tàbí kò dé. Bí kò bá dé, ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù ni yóò ti gba ẹ̀dà tí ó ní òǹtẹ̀, kí ó tó kọ̀wé sí ìpínlẹ̀ àti sí FBI pé kí wọ́n tún un ṣe. Ní Texas, ẹni tí a dá sílẹ̀ lè bẹ kóòtù, ẹni tí a fagi lé ẹ̀sùn rẹ̀ náà sì lè bẹ̀ ẹ́ bí ó bá kún ojú òṣùwọ̀n òfin, pé kí a pa àkọsílẹ̀ ìfàṣẹmúni náà rẹ́ pátápátá. Nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ni yóò ti to orúkọ gbogbo iléeṣẹ́ tí ẹ̀dà wà lọ́wọ́ wọn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọlọ́pàá tí ó mú un, ṣẹ́rífù tí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, káúńtì kejì tí ó sùn sí bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, adájọ́ kékeré, akọ̀wé, agbèfọ́ba, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ ní Austin. Àwọn wọ̀nyí ni àṣẹ kóòtù ń lọ bá.